Ta Ni Ó Ni Ẹ̀bi Ihò Tí Ojú Kò Rí?

Àwọn àgbà ní amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Olè ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òótọ́ ni a ń ṣe sí ibi tí ojú ẹni tí ó san owó rẹ̀ kò ní dé láéláé. Aránṣọ ń rán inú ẹ̀wù, bíríkìlà ń da ìpìlẹ̀ ilé, káfíńtà ń lu ihò tí híńjì yóò bò mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: bí irú iṣẹ́ abẹ́ ìbòrí bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí irinṣẹ́ tí kò yẹ, ta ni ó ni ẹ̀bi? Ṣé òṣìṣẹ́ ni, tàbí ẹni tí ó ta irin fún un, tàbí oníbàárà tí ó dúnàádúrà títí owó fi tán lára iṣẹ́ náà? Ṣé yíyan irinṣẹ́ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn ìwà ni, àbí ọ̀ràn ọjà lásán?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ẹyẹ tí ó ń fò tí kò rí ẹ̀ka bà lé, mo fẹ́ so ó mọ́ ohun kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó wọ inú àpò ṣòkòtò: bíìtì tí káfíńtà ń fi sí ẹnu dírílì láti lu ihò fífẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rìn ní Kosofe, láti Kétu dé Ìkòsì títí dé Mile 12, yóò bá ìsọ̀ káfíńtà pàdé, níbi tí wọ́n ti ń kan ibùsùn, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá kò lè pe orúkọ Kosofe kí etí rẹ̀ má fẹ́ẹ́ gbọ́ ‘kò sí ọ̀fẹ́’ nínú rẹ̀. Eré ni mo fi orúkọ náà ṣe, ṣùgbọ́n eré náà bá ọ̀rọ̀ wa mu, nítorí iye tí ohun kan ń náni, àti ẹni tí yóò san án, ni a fẹ́ sọ.

Láyé àtijọ́, híńjì ilẹ̀kùn a máa hàn síta. Káfíńtà a gbẹ́ àyè fún un ní etí igi, oníbàárà a sì lè fi ìka kàn án kí ó mọ̀ bóyá ó dúró. Híńjì kọ́bọ́ọ̀dù òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ife irin kékeré kan tí a ń rì sínú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ihò tí ó wọ́pọ̀ jù fún un káàkiri ayé jẹ́ mìlímítà 35 ní fífẹ̀, jíjìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí mìlímítà 12 tàbí 13. Pákó tí a ń lu ihò náà sí kì í sábà nípọn ju mìlímítà 16 tàbí 18 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ohun tí ó ṣẹ́ kù láàárín ìsàlẹ̀ ihò àti ojú ilẹ̀kùn kò ju mìlímítà 3 sí 6 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí ihò ṣe súnmọ́ etí pákó. Inú àyè tóóró yìí ni ilẹ̀kùn yóò rọ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ó máa ṣí i tí a ó máa tì í ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Kì í ṣe gbogbo irin ni ó lè lu irú ihò yìí. Bíìtì pẹlẹbẹ tí ó rí bí ṣọ́bìrì kékeré ní ṣóńṣó gígùn lẹ́nu. Kí ihò tó jìn tó, ṣóńṣó náà lè ti yọ ní ojú ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó wá ojútùú sí irú ìṣòro báyìí ni Benjamin Forstner, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Salem, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irin rẹ̀ ní 1874. Ọgbọ́n inú irin náà ni pé kì í ṣe ṣóńṣó àárín ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà, bí kò ṣe etí rẹ̀ tí ó yí ká bí òrùka. Etí yìí ń gé igi yípo, abẹ inú rẹ̀ sì ń fá ìsàlẹ̀ ihò títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà ó lè lu ihò tí ìdajì rẹ̀ bọ́ sí òde igi, ó sì lè lu ihò lé orí ihò, kí ó má sì ṣìnà. Forstner ti kú kí híńjì onífe tó dé, ṣùgbọ́n irin tí ó rọ ni ó bá ihò rẹ̀ mu jù.

Síbẹ̀, bí a bá ní kí káfíńtà ra bíìtì Forstner, a kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Èyí tí owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù ni èyí tí a fi irin kábọ́ọ̀nù ṣe. Ó máa ń mú dáadáa nígbà tí ó bá wà ní titun, ó sì rọrùn láti pọ́n. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀: bí ó bá gbóná títí tí ó fi pa àwọ̀ aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń kọ HSS sí lára. Irin yìí ní èròjà mìíràn nínú, tí ó fi jẹ́ pé ó lè gbóná títí yóò fi fẹ́ẹ́ pupa kí ó tó rọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi kábáìdì sí lẹ́nu. Ó le ju àwọn méjèèjì lọ, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n bí ó bá jábọ́ tàbí tí ó kọlu ohun líle, ó lè ṣán bí àwo, fáìlì inú ìsọ̀ kò sì lè pọ́n ọn.

Igi pàápàá yàtọ̀ sí igi. Arère rọ̀, irin tí ó bá sáà ti mú lè bá a ṣe. Ìrókò le, nígbà mìíràn a sì máa ń bá òkúta nínú rẹ̀, ìyẹn ohun líle bí ẹfun tí igi náà fúnra rẹ̀ kó jọ sínú ara rẹ̀, tí ó ń pa ẹnu ayùn àti ẹnu ìlu. Pákó àlẹ̀pọ̀, èyí tí a fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, kò le lójú, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí ó gbẹ sínú rẹ̀ ń jẹ ẹnu irin díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń lu ihò mẹ́rin lọ́sẹ̀ sínú ọ̀gànwó kò nílò kábáìdì. Ẹni tí ó ń lu ọgọ́rùn-ún sínú pákó àlẹ̀pọ̀ nílò rẹ̀. Bíìtì tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ eré. Kí dírílì yí pẹ̀lẹ́ ni ó dára. Nítorí kò ní ṣóńṣó gígùn tí yóò dì í mú, ó fẹ́ kí a de igi mọ́lẹ̀ kí a sì di dírílì mú ṣinṣin. Bí a bá fi ọwọ́ lásán gbé e lé igi tí a kò dè, bíìtì tí owó rẹ̀ ga jù lọ yóò ṣì lu ihò wíwọ́. Ẹ ó rí i pé èyí tí ó wọ́n jù kọ́ ni ó tọ́ ní gbogbo ìgbà. Èyí tí ó yẹ igi, tí ó yẹ iye iṣẹ́, tí ó sì yẹ ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀, òun ni ó tọ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá yẹ? Bí ṣóńṣó bá yọ lójú ilẹ̀kùn, oníbàárà yóò rí i, yóò sì pariwo. Ìyẹn kò ṣòro. Èyí tí ó ṣòro ni ihò tí bíìtì kíkú jó dúdú, tàbí tí bíìtì tí ó ń mì jẹ gbòòrò ju bí ó ti yẹ lọ. Ife híńjì ní etí tí ó bo ẹnu ihò bí fìlà ti í bo orí pípá. Nígbà tí a bá kó kọ́bọ́ọ̀dù dé ilé, ó dúró, ó ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé. Ṣùgbọ́n ife náà kò fún mọ́ inú ihò mọ́. Ìṣó kéékèèké méjì nìkan ni ó gbé gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìṣó yóò tú kúrò nínú èérún igi, ilẹ̀kùn yóò sì fà kọ́rọ́. Ní Kosofe, ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Àwọn àdúgbò tí ó wà létí Odò Ògùn mọ ìkún omi dáadáa. Ní 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, omi wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tí kò jìnnà sí Mile 12. Kódà bí omi kò bá wọlé, ọ̀rinrin wà. Pákó àlẹ̀pọ̀ a sì máa mu omi láti ibi tí a bá ti ṣí ara rẹ̀. Ihò tí a lù mọ́ tónítóní, tí ife dí ẹnu rẹ̀, kò ní fàyè gba ọ̀rinrin bí ihò tí etí rẹ̀ ya jákujàku. Ẹni tí ó fi owó oṣù mélòó kan ra kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò jìyà rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣe é.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹnu àwọn tí ó ń jiyàn.

Àwọn kìíní sọ pé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rárá. Wọ́n ní ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, irin kọ́. Wọ́n a tọ́ka sí Olówè ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, tí ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ wà ní ilé ìṣúra British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní dírílì, kò ní kábáìdì. Síbẹ̀ ó gbẹ́ abọ́ kan tí ó ní ìdérí, ó sì gbẹ́ orí ènìyàn kan sí abẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ère tí ó gbé e dúró. Orí náà ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ṣeé yọ jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa Olówè, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí òótọ́ náà ń wí. Ẹni tí ó gbẹ́ orí sí àyè híhá bẹ́ẹ̀ kò fi irin kíkú ṣe é. Ó mọ irin tí ó wọ ibẹ̀, ó pọ́n ọn, ó sì ní sùúrù. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò yàn án, ẹnìkan ni yóò pọ́n ọn. Níbi tí yíyàn bá wà ni ìwà wà. Ẹni tí ó mọ̀ pé irin òun ti kú, tí ó sì fi ń lu ihò fún ẹlòmíràn, ti yan nǹkan, bí kò tilẹ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀.

Àwọn kejì sọ pé oníbàárà ni ó ni ẹ̀bi. Ó fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọlọ́lá, owó aláìní ni ó mú wá. Ó gbọ́ iye tí ọ̀gá pè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dá ìdajì rẹ̀, ó sì fi ìsọ̀ òdìkejì halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá ní ìyàwó àti ọmọ, owó ìsọ̀ wà nílẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀. Níbo ni yóò ti rí owó bíìtì titun? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ẹni tí ó bá fi agbára fa owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí kò fi lè ra irin tí yóò ṣe é dáadáa mọ́ ti bá wọn lu ihò náà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan dírílì. Àwa tí a kàwé kò mọ́ nínú èyí. A máa ń ṣe ìyìn fún ara wa pé a mọ ọjà ná, a kì í sì í bèèrè ara ta ni a ti gé owó tí a rí gé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dá ọ̀gá láre tán. Owó kékeré lè mú kí ó sọ pé òun kò lè ṣe é ní iye yẹn, tàbí pé pákó tí ó kéré lówó ni òun yóò lò. Kò sí owó, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí ó ra irọ́.

Àwọn kẹta sọ pé ẹni tí ó ń ta irin ni. Lẹ́tà mẹ́ta ni HSS, kò sì nira láti kọ ọ́ sára irin tí kì í ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí káfíńtà ra bíìtì tí a fi irọ́ kọ nǹkan sí lára, ẹni tí a tàn jẹ ni òun náà. Mo fara mọ́ èyí pátápátá, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n káfíńtà wà ní ọwọ́ rẹ̀ àti imú rẹ̀. Bí irin bá ti pa aró lẹ́yìn ihò márùn-ún, bí èéfín bá ti ń jáde níbi tí èérún yẹ kí ó ti máa jáde, ó ti mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀tàn ontajà ti di ẹ̀tàn tirẹ̀ bí ó bá ń bá a lọ.

Òfin ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà, ti 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí iṣẹ́ tí ó sanwó rẹ̀ dára bí ó ti yẹ kí ó retí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjà Mile 12 ṣe ń ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ ra tòmátò mọ̀ pé èyí tí ó pupa tí ó sì le lè wà lókè apẹ̀rẹ̀, kí èyí tí ó ti rà wà nísàlẹ̀. Nítorí náà yóò ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ti ọwọ́ bọ abẹ́ híńjì. Kí òfin tó dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ti jábọ́. Ibi tí òfin kò tètè dé ni ìwà gbọ́dọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì mọ ìbéèrè yìí. Nínú ìwé Plato tí a ń pè ní Republic, Glaucon sọ ìtàn darandaran kan ní Lídíà tí ó rí òrùka he. Bí ó bá yí òrùka náà sí inú, kò sí ẹni tí ó lè rí i mọ́. Ó fi òrùka náà gba ìyàwó ọba, ó sì pa ọba. Glaucon wá bèèrè pé bí olódodo bá ní irú òrùka bẹ́ẹ̀, ṣé yóò ṣì jẹ́ olódodo? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtàn àlọ́ ni òrùka náà. Èmi rò pé káfíńtà ní òrùka tirẹ̀, etí ife híńjì sì ni.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ káfíńtà ti yàtọ̀ sí ti darandaran. Darandaran nìkan ni ó wà pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Ọ̀gá kò dá wà nínú ìsọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń di pákó mú. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń rí èéfín, òun ni ó sì ń gbọ́ nígbà tí ọ̀gá bá sọ pé, “Fi híńjì bò ó, kò sí ẹni tí yóò wò ó.” Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ ní ti oníbàárà, ṣùgbọ́n irọ́ ni ní ti ọmọ tí ó dúró níbẹ̀, nítorí ó ti wò ó. Ohun tí ọ̀gá fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọmọ náà kọjá bí a ti ń lu ihò. Ó kọ́ ọ ní ibi tí iṣẹ́ ti ń parí. Bí ó bá kọ́ ọ pé ibi tí ojú oníbàárà mọ ni iṣẹ́ mọ, ọjọ́ tí ọmọ náà bá gba ìyọ̀ǹda, ìsọ̀ méjì ni yóò máa ta ihò bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń bàjẹ́ ní ìlú nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, bí ọ̀gá bá jókòó tí ó fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ pọ́n bíìtì náà láti inú etí rẹ̀, tí kò pọ́n ọn láti ìta nítorí kí fífẹ̀ rẹ̀ má baà dín kù, ọmọ náà rí ìyẹn pẹ̀lú.

Èrò tèmi, nígbà náà, ni pé ẹ̀bi náà pín, ṣùgbọ́n kò pín dọ́gba. Ontajà ni ó ni ẹ̀bi ẹ̀tàn àkọ́kọ́. Oníbàárà ni ó ni ẹ̀bi owó tí kò tó iṣẹ́. Ẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ti òṣìṣẹ́, òun sì ni mo kà sí èyí tí ó wúwo jù, nítorí òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà lábẹ́ híńjì. A kò lè béèrè lọ́wọ́ káfíńtà pé kí ó ní gbogbo irin tí ó wà láyé. A lè béèrè pé kí ó lo èyí tí ó mú nínú ohun tí ó ní, kí ó sì sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ní iye tí ẹ mú wá yìí, ohun tí yóò ṣe é fún yín nìyí, bí yóò sì ti pẹ́ tó nìyí.” Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn oníbàárà ni yíyàn wà, ó sì yan pẹ̀lú ojú tí ó là. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a máa fi irin búra ní kóòtù, nítorí ó gbà pé Ògún ń gbọ́. Ẹni tí ó fi irin jẹun kò yẹ kí ó dúró di ọjọ́ kóòtù kí ó tó sọ òótọ́ níwájú irin.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe rò pé àwọn ará Kétu nìkan ni mo ń bá wí. Àwa náà ní híńjì tí a fi ń bo ihò. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ orúkọ ìwé tí kò kà sí ìparí iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ a máa fi máàkì sí ìwé ìdánwò tí kò kà tán. A kì í tètè rí i, ojú ewé a sì máa dán. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni ó ń bá wa di pákó mú, ojú wọn sì là sílẹ̀.